Gìtá Tí Kò Bo Àṣírí Ọwọ́

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2018, mo ki wáyà bọ ara gìtá tuntun kan nínú gbọ̀ngàn kékeré tí a ti máa ń dán orin wò ní Ìgbàyè. Mo tan àmpílífáyà, mo sì gbọ́ ohun kan tí n kò gbọ́ láti bí ọdún méjìlélógún. Ẹ̀rọ náà ń kùn. Ó ń kùn yùnmùyùnmù bí ilé oyin tí ọmọdé sọ òkò lù, bẹ́ẹ̀ n kò sì tí ì fọwọ́ kan okùn kankan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lu ìlù lẹ́yìn mi bi mí pé, “Bàbá, ṣé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n gbé wọlé ni?” Mo dá a lóhùn pé gìtá ni. Ọ̀rọ̀ náà pa á lẹ́rìn-ín. Kò pa èmi lẹ́rìn-ín rárá.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ka ojú ewé yìí, wọ́n sì lè máa bi ara wọn pé kí ni ó pa gìtá oníná pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá. Kí wọ́n ní sùúrù fún mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ohùn ni mo fẹ́ sọ, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, tí èmi náà fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n kọ sí ojú pátákó ní Ìkìrun kí n tó fẹ̀yìn tì. Àṣé ohun tí mò ń fi ẹfun kọ fún ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀sán, ọwọ́ ara mi kò mọ̀ ọ́n dáadáa ní alẹ́.

Ìgbàyè ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bá ti Òṣogbo gba Ìkìrun àti Ìníṣà lọ sí Òkukù ti rìn ní ilẹ̀ wa, bí kò tilẹ̀ yà sọ́dọ̀ wa. Agbègbè tí ọ̀rọ̀ ti dùn lẹ́nu ni. Oríkì tí àwọn obìnrin Òkukù ń ké ni ó fa Karin Barber, òyìnbó obìnrin tó wá ṣe ìwádìí níbẹ̀, débi tó fi kọ ìwé ńlá kan lé e lórí, tí ìwé náà sì jáde ní 1991. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ohun èlò orin bá ará agbègbè wa sọ̀rọ̀, kí ó mọ̀ pé etí tó ń gbọ́ òun kì í ṣe etí ọ̀lẹ.

Ní 1978, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, mo lọ bẹ bàbá kan ní àdúgbò wa pé kí wọ́n kọ́ mi ní gìtá. Wọ́n ti bá ẹgbẹ́ eléré jùjú rìn káàkiri kí wọ́n tó padà wálé wá dáko. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè wọ́n, orúkọ náà ni n ó sì máa pè wọ́n níhìn-ín. Gìtá wọn ti gbó, ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, píkọ̀ọ̀pù ẹyọ kan ṣoṣo ni ó sì wà lára rẹ̀. Ọ̀gá kì í kọ́ ènìyàn ní orin. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́ni. Wọn á ní, “Sọ ọ́ lẹ́nu.” Mo bá sọ ọ́. Wọn á ní, “Ó yá, jẹ́ kí okùn sọ ọ́.” Bí okùn kò bá sọ ọ́ bí mo ṣe fi ẹnu sọ ọ́, wọn á ní kí n gbé gìtá kalẹ̀, kí n lọ pọn omi fún Ìyá, aya wọn, kí n tó padà wá tún un ṣe. Omi tí mo pọn ní ọdún náà kò kéré.

Nígbà tó di 1996, mo kó èsúsú, mo lọ sí ọjà Aláàbà ní Èkó, mo sì ra gìtá àlòkù kan tí píkọ̀ọ̀pù méjì tí àwọn onígìtá ń pè ní hambọ́kà wà lára rẹ̀. Ha! Gìtá náà dùn. Ohùn rẹ̀ nípọn bí ẹ̀kọ tó dì, ó sì ń pẹ́ nílẹ̀. Mo tún ra àpótí kékeré kan tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, èyí tí ń mú kí ohùn gìtá ha bí ohùn ẹni tó kígbe jù ní ibi ìpàdé. Pẹ̀lú rẹ̀, bí mo bá ta okùn lẹ́ẹ̀kan, mo lè nu òógùn ojú mi kí ohùn náà tó kú. Mo ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ta á ní ibi ìgbéyàwó àti ibi ìsìnkú. Àwọn ènìyàn yìn mí, mo sì gbà pé èmi ni wọ́n ń yìn.

Ọ̀gá nìkan ni kò yìn mí. Wọ́n wá sí ibi ìkómọ kan, wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ mi, nígbà tí a sì sinmi, wọ́n pè mí sí ẹ̀yìn ilé.

“Kí ni ò ń sọ níbẹ̀ yẹn?”

“Orúkọ bàbá ọmọ ni mò ń pè, sà.”

“Orúkọ ta ni? Èmi kò gbọ́ orúkọ. Igbe ni gìtá rẹ ń ké, ọmọ mi, kò sọ̀rọ̀.”

Mo ní ọjọ́ ogbó ni ó ń da etí wọn láàmú. Mo tilẹ̀ rò nínú ọkàn mi pé ìlara wà níbẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ní 2018, gìtá náà já bọ́ láti orí ọkọ̀ ní ọ̀nà Òkukù, ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́, ó sì fi òmíràn ránṣẹ́ sí mi. Irú èyí tí ilé iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà mú jáde ní 1954 ni, tí wọ́n ń pè ní Stratocaster, ṣùgbọ́n àwòṣe olówó pọ́ọ́kú ni tèmi. Píkọ̀ọ̀pù tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ni ó wà lára rẹ̀, irú èyí tí àwọn onígìtá ń pè ní síńgù-kọ́ìlì, èyí tí ó ní róòlù wáyà ẹyọ kan péré. Òun ni ó kùn bí oyin ní alẹ́ ọjọ́ tí mo sọ yẹn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìkùn náà, nítorí pé òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Abẹ́ okùn gìtá ni píkọ̀ọ̀pù ń gbé. Irin òòfà ni, tí a fi wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí wé lára ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Irin ni okùn gìtá náà. Bí okùn bá ń gbọ̀n lókè irin òòfà, agbára òòfà á máa mì pẹ̀lú rẹ̀, mímì yìí ni ó sì ń bí iná kíún sínú wáyà bàbà. Iná kíún yìí ni àmpílífáyà ń sọ di ńlá tí a fi ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wáyà kò mọ ẹni tí òun ń gbọ́rọ̀ fún. Bí ó ti ń gbọ́ okùn ni ó ń gbọ́ tàràǹsífọ́mà orí òpó, ni ó ń gbọ́ iná funfun gbọọrọ tó wà ní òrùlé, ni ó sì ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Iná mànàmáná ilẹ̀ wa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lílọ-bíbọ̀ náà ni ó ń di ìkùn létí wa.

Ní 1955, Seth Lover, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà, wá ọgbọ́n sí i. Róòlù wáyà méjì ni ó tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wáyà èkejì lọ ní òdì sí ti èkíní. Irin òòfà ti èkejì náà sì dorí kodò. Ariwo tó ń ti ìta bọ̀ kò ní ohun í ṣe pẹ̀lú irin òòfà, wáyà nìkan ni ó ń bá wọlé. Nítorí náà, ó wọ inú èkíní ní tààrà, ó wọ inú èkejì ní òdì, àwọn méjèèjì sì pa ara wọn kú. Ní ti ohùn okùn, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó yí padà nínú róòlù kejì, ó yí nítorí wáyà, ó tún yí nítorí òòfà. Ohun tó bá sì yí padà lẹ́ẹ̀mejì ti padà sí ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn méjèèjì ṣe para pọ̀ di ọ̀kan tó lágbára. Láti 1957 ni Gibson ti ń fi í sára gìtá wọn, ohun tí orúkọ rẹ̀ lédè òyìnbó sì túmọ̀ sí kò ju alékùn-ún-lọ, alé-ìkùn-lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fèrèsé nítorí ariwo ọjà ti dí atẹ́gùn mọ́ ìta. Ojú méjì ni hambọ́kà fi ń wo okùn lẹ́ẹ̀kan náà, wáyà tó wà nínú rẹ̀ sì pọ̀; nítorí náà àwọn ohùn tín-ín-rín, tó mú ṣámúṣámú bí ẹnu abẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè jáde. Síńgù-kọ́ìlì kì í dá wọn dúró. Ohun tí ó bá ti gbọ́ ni ó ń sọ.

Ohun tí ó sì gbọ́ lọ́wọ́ mi kò dára. Ìka òsì mi a máa fẹsẹ̀ kan okùn tí n kò fẹ́ ta. Ọwọ́ ọ̀tún mi kò tẹ̀ létòlétò. Ẹ̀ẹ̀kan ó le, ẹ̀ẹ̀kan ó rọ̀. Okùn tó yẹ kí n ti pa lẹ́nu mọ́ ṣì ń dún lábẹ́ èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ta. Gbogbo ìwọ̀nyí ti wà níbẹ̀ láti 1996, hambọ́kà àti àpótí ẹsẹ̀ ni wọ́n da aṣọ bò wọ́n. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Èmi ti pẹ́ lára ohùn nínípọn náà tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ ibi tí ọwọ́ mi parí sí àti ibi tí ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀. Ìtìjú mú mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí n ó ta gìtá náà fún.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀bi mi, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú. Okùn mẹ́ta tó nípọn a máa dún bí ìgbà tí ohùn méjì bá ń bá ara wọn jà bí mo bá tẹ̀ wọ́n ní ìsàlẹ̀ ọrùn gìtá. Mo rò pé igi rẹ̀ ni ó ti yí. Àṣé wọ́n ti gbé píkọ̀ọ̀pù ga jù, irin òòfà wá ń fa okùn mọ́ra, kò jẹ́ kí ó gbọ̀n bí ó ti yẹ. Mo fi sukudiráfà sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìjà sì parí. Ẹnìkan tó ń tún rédíò ṣe tún ti bá mi pààrọ̀ bọ́tìnnì tí à ń fi yí ohùn sókè sódò, ó sì fi èyí tó jẹ́ 500,000 ohm síbẹ̀, irú èyí tó bá hambọ́kà mu. Ohùn gìtá wá ń gún mi létí bí abẹ́rẹ́. Nígbà tí a fi òjé jó 250,000 síbẹ̀, ara tù mí. Ní ti ìkùn, mo rí i pé bí mo bá yí ara mi padà, tí gìtá sì kọ ẹ̀gbẹ́ sí jẹnẹrétọ̀, ó ń dín kù. Bí mo bá sì tan píkọ̀ọ̀pù àárín mọ́ ọ̀kan nínú méjì yòókù, ó ń lọ pátápátá, nítorí wọ́n ti wé ti àárín ní òdì. Ọgbọ́n Seth Lover náà ni, ó kàn gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ni. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò wo ọwọ́ mi sàn.

Ohun tí kò jẹ́ kí n tà á ni ìrònú kan tó wá sí mi lọ́kàn ní òru. Àyìndé Bákàrè ni wọ́n máa ń dárúkọ pé ó kọ́kọ́ mú gìtá oníná wọ inú jùjú, ní nǹkan bí ọdún 1949. Ní ọdún náà, Seth Lover kò tí ì ronú hambọ́kà. Nígbà tí I. K. Dáíró kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní 1957, Gibson ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ni. Ó dájú, nígbà náà, pé orí róòlù kan ṣoṣo ni gìtá jùjú ti kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń sọ Yorùbá. Gìtá Ọ̀gá pàápàá, tó ní píkọ̀ọ̀pù ẹyọ kan, tí mo ti ń fojú tín-ín-rín bí ohun àtijọ́, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ mi.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wọn nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2019. Wọn kì í jáde mọ́ nígbà náà, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà, ojú wọn kò sì ríran dáadáa. Kò sí iná. Ọmọ wọn fa jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ní ẹ̀yìn fèrèsé, gìtá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo ta gbólóhùn kúkúrú kan, mo ní kí n fi kí wọn: “Bàbá, ẹ kú ilé.”

Ọ̀gá ṣe hùn-ùn. “Bàbà ni mo gbọ́. Ṣé owó bàbà ni mí ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi bù máṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò mọ̀ ọ́n: baba, bàbá, bàbà. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó fún ọmọ tí n kò lè ka iye wọn. Mo sì ti sọ fún wọn pé ohùn òkè tó bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í dédé fò dé òkè. Gígùn ni ó ń gùn ún, òun ni à ń pè ní ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ròkè. Lórí gìtá, mo kàn ń ta ìsàlẹ̀, mo ń ta òkè, n kò gun àtẹ̀gùn kankan láàárín wọn. Èyí tó burú jù ni pé n kò pa ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́nu mọ́ kí n tó ta ti òkè, ó wá ń fa èkejì wálẹ̀ létí ẹni tó ń gbọ́. Lórí hambọ́kà, gbogbo rẹ̀ ti di ọbẹ̀ kan.

Ọ̀gá ní, “Sọ ọ́ lẹ́nu.”

Ẹni ọdún 57 ni mí ní ọjọ́ náà. Mo sọ ọ́ lẹ́nu.

“Jẹ́ kí okùn sọ ọ́.”

Bí ìgbà mẹ́wàá ni mo ta á. Mo pa àpótí ẹsẹ̀, mo fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi bo okùn ìsàlẹ̀ ní kété tí ó bá ti dún, mo sì bẹ̀rẹ̀ ohùn òkè láti ìsàlẹ̀, mo fi ìka ti okùn náà gòkè sí àyè rẹ̀. N kò tún ta á kíkankíkan mọ́. Mo rí i pé bí mo ti rọra tó ni gìtá yìí ń fetí sí mi tó. (Ìdí nìyí, mo rò, tí gìtá onírin tí Démọ́lá Adépọ̀jù ta nínú àwo tí Sunny Adé gbé jáde ní 1982 fi wọ ọ̀pọ̀ Yorùbá lára: irin náà ń yọ̀ lórí okùn bí ohùn ti ń yọ̀ lẹ́nu wa.) Nígbà tó yá, Ọ̀gá di ojú, wọ́n sì dá gìtá lóhùn, kì í ṣe èmi. Wọ́n ní, “Hòo. Mo wà ńlé.”

N kò sọ pé hambọ́kà kò dára. Mo mọ àwọn tó ń fi í sọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́. Gìtá mi àtijọ́ ti gba àtúnṣe, ó wà lára ògiri yàrá mi, bí ó bá sì di ọjọ́ tí gbọ̀ngàn kún, tí iná kò dúró sójú kan, òun ni mò ń gbé. Ṣùgbọ́n òun kò kọ́ mi ní ohunkóhun ní gbogbo ọdún tí a fi jọ wà.

Ọ̀gá wàjà sí ilé ìkẹyìn wọn nínú oṣù Ọ̀pẹ, 2022. Wọ́n ti sọ fún àwọn ọmọ wọn pé èmi ni kí n ta gìtá níbi ìsìnkú àwọn, wọ́n sì ní kí n gbé “èyí tó ń sọ̀rọ̀” wá. Ẹ̀gbẹ́ òpó iná tí tàràǹsífọ́mà wà lókè rẹ̀ gan-an ni wọ́n fún wa láàyè, kò sì sí ibi tí mo lè kọjú sí tí gìtá kò kùn. Mo ta ohun tí mo ti ń dán wò láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: “Bàbá, ó dìgbà o.” Láàárín àwọn obìnrin tó jókòó sí abẹ́ àtíbàbà, àgbàlagbà kan gbé ohùn sókè, ó fi ẹnu tún un sọ gẹ́lẹ́ bí okùn ti sọ ọ́, àwọn yòókù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá. Mo bẹ̀ wọ́n nítorí ariwo tó ń kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ṣàlàyé pé tàràǹsífọ́mà ni, pé n kò rí ibi yí i sí.

Ìyá ní, “Ta ní ní kí o pa á? Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn ṣe máa ń kùn. Bí a bá wà ní yàrá, tí a gbọ́ tó ń kùn báyìí, a ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀.”